Ta ló ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀? Bí dókítà ṣe ń dá àìsàn 'ènìyàn púpọ̀ nínú ara kan' mọ̀, láti Treichville dé Bingerville

Ní ọdún 1957, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti orílẹ̀-èdè Niger tó ń ṣe iṣẹ́ alágbàṣe ní èbúté Abidjan sọ ara rẹ̀ ní Edward G. Robinson. Òṣèré Amẹ́ríkà tí gbogbo olùwòran sinimá mọ̀ nígbà náà ló ni orúkọ yẹn. Treichville ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń gbé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń pe ara rẹ̀ ní Eddie Constantine, òmíràn ń jẹ́ Tarzan. Jean Rouch, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé kámẹ́rà tẹ̀lé wọn kiri ìgboro, ó sì fi ìgbé ayé wọn ṣe fíìmù Moi, un noir, èyí tó gba ẹ̀bùn Louis Delluc lọ́dún 1958.

Oumarou Ganda ni orúkọ Robinson gan-an. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá délé lálẹ́, Oumarou náà ló ń sùn, Oumarou náà ló ń jí lọ ru ẹrù láàárọ̀. Nígbà tó yá, ó padà sí Niger, òun fúnra rẹ̀ sì di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe fíìmù jùlọ lórílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá sọ ara rẹ̀ lórúkọ mìíràn kó lè gbàgbé ìyà fún wákàtí díẹ̀ kò ṣàìsàn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ mìíràn pè, tí òun kò sì mọ ìgbà tí òun sọ ara òun bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ara rẹ̀ lórí afárá Houphouët-Boigny ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, tí ohun tó rántí kẹ́yìn sì jẹ́ pé òun ń fọ abọ́ láàárọ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú eré, tó sì di ti dókítà. Ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí, wòlíì àti dókítà ti máa ń ṣìnà.

Àìsàn wo nìyí?

Orúkọ tí àwọn dókítà ọpọlọ ń pè é ni dissociative identity disorder, DID ní ìkékúrú. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń sọ Faransé, bíi ti Abidjan, wọ́n á pè é ní trouble dissociatif de l'identité. Kó tó di ọdún 1994, multiple personality disorder ni ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń pè é, èyí tó dà bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kó sínú ara kan ṣoṣo. Wọ́n yí orúkọ náà padà nítorí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Ènìyàn kan náà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwà, ìrántí àti ìmọ̀lára rẹ̀ kò so pọ̀ mọ́ra.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òkè. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde lórí òfì, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ń rán an pọ̀ tó ń di ìró tàbí agbádá. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń ṣe nípa DID kò jìnnà sí èyí: ọmọ kékeré kò tíì ní "èmi" kan ṣoṣo tó dúró gbọn-in. Èmi tó ń bínú wà lọ́tọ̀, èyí tó ń bẹ̀rù wà lọ́tọ̀, bó sì ṣe ń dàgbà lábẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n ń so pọ̀. Bí ìyà ńlá bá ń jẹ ọmọ náà léraléra, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó dáàbò bò ó, ọkàn rẹ̀ lè gbé ohun tí kò ṣeé farada sí apá kan kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìwé DSM-5 tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013 sọ pé ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àìsàn yìí ni wọ́n fìyà jẹ tàbí pa tì nígbà èwe.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Láti ọdún 1889 ni Pierre Janet, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ìwé lórí bí apá kan ọkàn ènìyàn ṣe lè máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ kí apá kejì mọ̀. Kì í sì í ṣe àìsàn àwọn òyìnbó nìkan. Nígbà tí àwọn oníwádìí fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin 628 lẹ́nu wò ní ìlú Sivas lórílẹ̀-èdè Turkey, èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní DID. Ìwádìí kékeré kan tí DSM-5 tọ́ka sí ní Amẹ́ríkà rí ìdá 1.5.

Ìyá aláṣọ kan

Ká fi ẹnì kan ṣe àpèjúwe. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú àwọn àmì tó wà nínú ìtàn rẹ̀ ni àwọn dókítà máa ń kọ sílẹ̀.

Obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 34, ó ń ta aṣọ nítòsí ọjà Treichville. Ejigbo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti mú un wá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí àwọn ọmọ Abidjan ń pè ní Anango. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n fi í sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí pé kó máa bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Ọjà rẹ̀ ń tà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwìn rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé méjì ló wà, kò sì ní ọmọ ìṣẹ́ kankan. Oníbàárà kan wá san owó aṣọ mẹ́fà tó gbà láwìn. Ìyá aláṣọ kò rántí pé òun tà á fún un. Lóru, ọkọ rẹ̀ máa ń gbọ́ tó ń fi ohùn ọmọdé sunkún ní igun yàrá, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ti òun mọ́lé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ọkọ béèrè pé, "Ìyá Bọ́lá, kí ló ṣe ẹ́ lóru?", á ní òun sùn wọra ni.

Wọ́n ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń dà á láàmú. Alfa ti fún un ní hàǹtú mu. Nígbà tó wá dé ilé ìwòsàn, kì í ṣe pé ó lọ sọ fún dókítà pé ẹlòmíì ń gbé inú òun. Orí fífọ́ àti àìróorunsùn ló sọ. Oògùn orí fífọ́ ni wọ́n sì fún un lọ sílé.

Èyí ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè mọ àìsàn náà. Ojú ń ti àwọn tó ní i, ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo ayé nìyẹn, pé gbogbo ènìyàn ló máa ń pàdánù wákàtí. Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú irú àìsàn yìí gbé jáde, wọ́n ní ó máa ń tó ọdún márùn-ún sí méjìlá tí aláìsàn ti ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ kí ẹnikẹ́ni tó pe DID ní orúkọ rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, wọ́n lè ti pè é ní ìbànújẹ́ ọkàn, schizophrenia tàbí wárápá. Ẹ̀mí sì lè bọ́ sínú ewu: DSM-5 sọ pé ó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gba ìtọ́jú DID láti ilé tí wọ́n ti gbìyànjú láti pa ara wọn rí.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń yọ kúrò

Dókítà tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DID. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tó rọrùn láti rí ló lè gba ìrántí lọ́wọ́ ènìyàn.

Wárápá ló ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo wárápá ló ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Oríṣi kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ẹni tó ń ṣe lè máa rìn, kó máa tú bọ́tìnnì aṣọ, kó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, kí ó má sì rántí ohunkóhun lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ EEG tó ń ka iná inú ọpọlọ máa ń ṣèrànwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má rí nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá lò ó. Dókítà á béèrè bóyá aláìsàn ti fi orí gbá ilẹ̀ rí, bóyá ó já bọ́ láti inú gbaka, ọkọ̀ èrò Abidjan tí Èkó á pè ní dánfó. Á béèrè nípa ibà tó wọ ọpọlọ lọ nígbà èwe, nípa koutoukou, tí Yorùbá mọ̀ sí ògógóró, àti nípa tramadol àti oògùn oorun tí wọ́n ń rà lójú títì. Ẹni tó mutí yó tí kò rántí àná kò ní DID.

Lẹ́yìn náà ni schizophrenia. Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, nítorí pé àwọn aláìsàn méjèèjì lè ní àwọn ń gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní sùúrù láti béèrè dáadáa, ìyàtọ̀ lè hàn. Ẹni tó ní DID sábà máa ń sọ pé láti kékeré ni òun ti ń gbọ́ ohùn náà, pé inú orí òun ló wà, pé ọmọdé kan ń sunkún tàbí ẹnì kan ń bú òun. Ó sì sábà máa ń mọ̀ pé ẹlòmíì kò gbọ́ ọ. Kì í sábà ní ìdàrúdàpọ̀ èrò tí ń mú kí ọ̀rọ̀ aláìsàn schizophrenia má lórí má nídìí. Oògùn tó ń pa ohùn schizophrenia kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ohùn ti DID. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sọ di ẹni tó ń rìn bí ẹni tó ń sùn, tí wọ́n tún ń fi kún un nítorí pé kò ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè tó ń ṣí ilẹ̀kùn

Bí gbogbo èyí bá ti kúrò ńlẹ̀, ìrántí ni dókítà ń lé kiri. Ìwé ìbéèrè kan wà tí Eve Bernstein àti Frank Putnam ṣe lọ́dún 1986, tí wọ́n ń pè ní DES. Ìbéèrè 28 ló wà nínú rẹ̀. Aláìsàn á sọ iye ìgbà tí nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí i, láti òdo dé ọgọ́rùn-ún: ṣé o ti bá ara rẹ níbì kan tí o kò mọ bí o ṣe débẹ̀ rí? Ṣé o ti rí nǹkan nínú ẹrù rẹ tí o kò rántí pé o rà? Ṣé ẹni tí o kò mọ̀ rí ti kí ọ bí ọ̀rẹ́ àtijọ́? Bí àròpín èsì bá tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò túmọ̀ sí pé aláìsàn ní DID. Ó túmọ̀ sí pé ó yẹ kí wọ́n jókòó tì í fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó gùn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ni wọ́n ń pè ní SCID-D, èyí tí dókítà Marlene Steinberg ṣe ní Amẹ́ríkà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀. Nǹkan márùn-ún ló ń wá: àlàfo nínú ìrántí, kí ó máa ṣe ènìyàn bí ẹni pé ara rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, kí ayé àti àwọn tó yí i ká máa dà bí àlá, kí ó má dá a lójú ẹni tí òun jẹ́, àti kí ìwà, ohùn tàbí orúkọ rẹ̀ máa yí padà. Kì í ṣe ohun tí aláìsàn sọ nìkan ni dókítà ń kọ. Ó ń wo ojú. Ó ń wo bí ẹni tó jókòó gbọn-in ṣe ká ẹsẹ̀ sórí àga lójijì bí ọmọdé, tó sì béèrè ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn.

Àwọn tó ti wo fíìmù lórí àìsàn yìí máa ń retí pé ìyípadà náà á hàn gbangba, bí ìgbà tí òṣèré bá pààrọ̀ aṣọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára àwọn aláìsàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ wọn ń lọ wẹ́rẹ́, ó sì ń pamọ́. Bí ẹnì kan bá ń yí padà bí ẹni ń yí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n, pàápàá tí ẹjọ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀ ní kóòtù, dókítà gbọ́dọ̀ ronú pé ó lè jẹ́ ẹ̀tàn.

Nǹkan kan tún wà tí dókítà kò gbọdọ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí aláìsàn lẹ́nu. Kì í béèrè pé, "Mélòó ni yín nínú ibẹ̀?" Kì í sọ pé, "Ó dájú pé ẹnì kan fipá bá ọ lò pọ̀." Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rọ̀ lè gbà, kó sì kọ́ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀.

Ògbufọ̀

Ní Treichville, ìṣòro kan wà tí kò sí nínú ìwé ìbéèrè Amẹ́ríkà. Faransé ni dókítà ń sọ. Ìyá aláṣọ gbọ́ Faransé ọjà, ó gbọ́ Dioula tó tó láti nájà, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi ń lá àlá. Ta ni yóò túmọ̀? Mọ̀lẹ́bí tó bá a wá ni.

Ẹ jẹ́ ká ro ó dáadáa. Àìsàn tó sábà máa ń ti inú ìyà ìgbà èwe wá ni. Bí ó bá jẹ́ pé nílé mọ̀lẹ́bí tó tọ́ ọ ni ìyà náà ti jẹ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó fìyà jẹ ẹ́, tàbí ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́, ló jókòó láàárín òun àti dókítà. Ìbéèrè á lọ ní Faransé, ìdáhùn á sì padà ní gígé kúrú: "Ó ní kò sí nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà kò lè sọ lójú bùọ̀dá tàbí àǹtí rẹ̀, kò ní sọ ọ́. Apá rẹ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ náà, tó bá rí i pé ẹni yẹn wà nínú yàrá, á tilẹ̀kùn ni.

Nítorí náà, ẹbí ní ipa, ṣùgbọ́n ipa náà ní ààlà. Dókítà nílò ohun tí ọkọ rí lóru àti ohun tó wà nínú ìwé àwìn. Ó sì nílò láti dá wà pẹ̀lú aláìsàn, pẹ̀lú ògbufọ̀ tí kì í ṣe ara ẹbí, bó bá tilẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá.

Èlégùn kò ṣàìsàn

Ìbéèrè tó le jù rèé fún Yorùbá: kí ni ìyàtọ̀ láàárín DID àti gígùn?

Èlégùn Ṣàngó máa ń yí padà. Ohùn rẹ̀ ń yí, agbára rẹ̀ ń yí, Ṣàngó ló ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá bọ́ lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ èlégùn á ní àwọn kò rántí ohun tí àwọn ṣe. Bí dókítà àjèjì bá fi àlàfo ìrántí àti ohùn nìkan díwọ̀n, gbogbo èlégùn ni yóò di aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni aríran ìjọ Sẹ̀lẹ́, ìjọ tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo lọ́dún 1947 tó sì ti tàn dé Côte d'Ivoire, á di aláìsàn nígbà tí ẹ̀mí bá gbé e.

Àwọn tó kọ DSM-5 mọ èyí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ní àwùjọ kan, àìsàn yìí lè wá ní àwọ̀ ẹ̀mí tó gun ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin kan tì í lẹ́yìn: bí ohun náà bá jẹ́ ara àṣà tàbí ẹ̀sìn tí àwùjọ ẹni náà tẹ́wọ́ gbà, kì í ṣe àìsàn. Àjọ ìlera àgbáyé WHO náà ya nǹkan sọ́tọ̀ nínú ìwé ICD-11, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Níbẹ̀, DID ní orúkọ tirẹ̀, àìsàn kí ẹ̀mí máa gun ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀, wọn kò sì ka gígùn inú ẹ̀sìn mọ́ àìsàn rárá.

Ohun tó yẹ kí dókítà béèrè, nígbà náà, rọrùn fún ẹni tó mọ ilé Yorùbá. Ṣé ìlù ló pè é, àbí àárín ọjà ló ti ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n fi í jẹ èlégùn, pẹ̀lú ètò àti ìdílé tó mọ̀ nípa rẹ̀? Ṣé àwọn kan wà tó ń dì í mú, tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà? Ṣé ẹni tó gùn ún ní orúkọ tí gbogbo ìlú mọ̀, àbí ọmọ ọdún méje kan ni, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má lu òun? Àti pé lọ́jọ́ kejì, ṣé ó lè lọ síbi iṣẹ́?

Jean Rouch yìí kan náà ti fi ìdáhùn kan hàn kó tó dé Treichville. Nínú Les Maîtres fous, fíìmù tó jáde lọ́dún 1955, ó ya àwọn alágbàṣe ọmọ Niger ní ìlú Accra tí ẹ̀mí Hauka ń gùn. Ẹ̀mí wọn ń jẹ́ gómìnà, ọ̀gágun àti awakọ̀ ojú irin, àwọn ọ̀gá òyìnbó ìgbà ìjọba amúnisìn. Itọ́ ń yọ lẹ́nu wọn, wọ́n ń fi iná jó ara. Olùwòran tó dá fíìmù náà dúró níbẹ̀ á ní wèrè ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Rouch fi ọjọ́ kejì hàn: àwọn ọkùnrin náà rèé lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo gígùn ló dára bẹ́ẹ̀. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Uganda, Marjolein van Duijl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ènìyàn 119 tí wọ́n ní ẹ̀mí ń dà láàmú wé àwọn 71 tí ara wọn dá. Ìwádìí náà, tó jáde lọ́dún 2010, rí i pé àwọn tí ẹ̀mí ń dà láàmú ló ní ìtàn ìyà àti àjálù jù, àwọn náà ló sì ní àmì ìyapa ọkàn jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti rí ìtura lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Èyí yẹ kó pa dókítà tó ń fi oníṣègùn ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu mọ́, kó sì pa wòlíì tó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ àìsàn ọkàn náà lẹ́nu mọ́.

Ṣé àìsàn náà wà lóòótọ́?

Àwọn dókítà kan kò gbà. Wọ́n ní dókítà fúnra rẹ̀ ló ń fi ìbéèrè dá "àwọn ènìyàn" náà sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ìwé Sybil tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, tó mú kí iye àwọn tí wọ́n ní wọ́n ní àìsàn yìí pọ̀ lójijì. Shirley Mason ni obìnrin inú ìwé náà gan-an. Nígbà tó yá, lẹ́tà kan tó kọ sí dókítà rẹ̀, Cornelia Wilbur, lọ́dún 1958 jáde síta, nínú èyí tó ti sọ pé irọ́ ni òun pa.

Ìtàn yẹn ba orúkọ àìsàn náà jẹ́, ó sì yẹ kó kọ́ gbogbo dókítà láti ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n kò pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Lọ́dún 2012, Simone Reinders àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn 11 àti àwọn 18 tí wọ́n kọ́ láti ṣe bí ẹni tó ní DID. Bí ọpọlọ àwọn aláìsàn ṣe ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń ṣe eré. Ènìyàn 29 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ka irú èsì bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀tàn lásán.

Bregbo, àti àwọn tí wọ́n so mọ́ igi

Kò jìnnà sí Treichville, ní ìtòsí Bingerville létí ọ̀sà, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Bregbo. Ibẹ̀ ni Albert Atcho, wòlíì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Côte d'Ivoire, ti ń gba àwọn aláìsàn. Ìjẹ́wọ́ ni oògùn rẹ̀. Aláìsàn á jókòó, á ka ohun búburú tí òun ṣe, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí "èkejì" rẹ̀ ṣe lóru nígbà tí ara rẹ̀ wà lórí ibùsùn. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Faransé lọ wò ó, Rouch náà ya fíìmù níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí Bregbo lọ́dún 1975. Ohun tó fà wọ́n mọ́ra ni pé ẹni tó ń sọ pé "kì í ṣe èmi, èkejì mi ni" máa ń kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti gba iṣẹ́ náà mọ́ ara rẹ̀.

Ewu kan wà nínú rẹ̀ fún irú ìyá aláṣọ yẹn, ṣá o. Bí wọ́n bá ní kí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nígbà èwe jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni òun, ẹlẹ́bi ti yí padà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì.

Èyí sì tún sàn ju ti ṣẹ́ẹ̀nì lọ. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tó ń tún táyà ṣe ní Bouaké, ti ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí ẹbí tàbí ibùdó àdúrà so mọ́ igi àti ìtì igi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹgbẹ́ Saint Camille tó dá sílẹ̀ ti kọ́ ibùdó ní Côte d'Ivoire, Benin àti Togo. Ẹni tí ìyà ló yà ọkàn rẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n tún wá so mọ́ igi tí wọ́n ń nà kí ẹ̀mí lè jáde, ìyà tó fa àìsàn náà gan-an ni wọ́n tún ń fi ṣe oògùn fún un.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀

Kò sí oògùn tó ń wo DID. Oògùn lè ran oorun, ìbànújẹ́ ọkàn àti ìpayà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú onímọ̀ fún ọdún púpọ̀ ni ìtọ́jú gan-an. Ààbò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: kí aláìsàn má pa ara rẹ̀, kó kúrò nílé tí ìyà bá ṣì ń jẹ ẹ́, kó mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ sálọ. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó ń fọwọ́ kan ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà èwe, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú ṣí ojú ọgbẹ́ náà lè mú kí àìsàn le sí i. Ìgbẹ̀yìn ni rírán apá kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ọmọ tó ń sunkún lóru àti ìyá tó ń tajà lọ́sàn-án lè mọ ara wọn. Àwọn aláìsàn kan kì í dé ìpele tí gbogbo rẹ̀ yóò ti di ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti lè gbé pọ̀ láìjà, tí wákàtí kò sọnù mọ́, wọ́n ti ní ìgbé ayé padà.

Fún ẹni tó ń gbé Treichville, ilé ìwòsàn ńlá CHU tó wà ládùúgbò náà lè yẹ ara wò kí wọ́n yọ wárápá, ibà àti ọgbẹ́ orí kúrò. Ní ti ọkàn, ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní iléeṣẹ́ INSP ní Adjamé, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba sì wà ní Bingerville, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1962.

Kí ẹbí tó lọ, kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀: ọjọ́ àti wákàtí tí ìyípadà ṣẹlẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, bóyá itọ́ yọ lẹ́nu tàbí ara gbọ̀n, ohun tí aláìsàn sọ àti orúkọ tó pe ara rẹ̀, àti bóyá ó rántí lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn àti àgbo tó ń lò dání. Tí fóònù bá wà, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé e sórí WhatsApp ẹbí. Kí wọ́n mú ìwé àwìn náà dání pẹ̀lú. Bí dókítà bá sì ní kí wọ́n lọ dúró síta, kí wọ́n lọ dúró síta.